Rósítà tí wọ́n ń yí lóru, àti ìbéèrè tí kò yẹ níbi ìgbanisíṣẹ́: ẹ gbà wá nímọ̀ràn, ará Ifẹ̀ àti Iléṣà

Kaṣíà Lágere

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Kaṣíà ni mí ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Lágere níbí. Ó ti pé ọdún kan àti oṣù mẹ́rin tí mo ti wà níbẹ̀. Àwa mọ́kàndínlógún la jẹ́. Nígbà tí wọ́n gbà mí, ẹnu lásán ni wọ́n fi sọ ọ́: aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Kò sí lẹ́tà kankan. Ní nǹkan bí oṣù márùn-ún sẹ́yìn, mánéjà tuntun dé, ó ní ṣífítì la ó máa ṣe. A gbà. Àmọ́ orí WhatsApp ló ń ju rósítà, ìwé tó sọ ìgbà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa wá síṣẹ́, sí, ìgbà tó bá sì wù ú ló ń yí i padà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù tó kọjá, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo ṣíwọ́. Mo dé ilé ní Paràkin, mo wẹ̀, mo tẹ́ ọmọ sùn. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mọ́kànlá lù, fóònù dún: kí èmi àti ẹnì kan dé ní aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀. Bẹ́ẹ̀ ọ̀sán ló wà lórúkọ mi nínú rósítà tí gbogbo wa ti rí láti ọjọ́ Àìkú. Ta ló máa mú ọmọ lọ síléèwé? Ìyá àdúgbò kan ló bá mi mú un. Mo dé ibi iṣẹ́ ní aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n kọ orúkọ mi sílẹ̀, ₦2,000 sì lọ nínú owó oṣù mi. Lópin oṣù yẹn kan náà, wọ́n tún yọ ₦6,500 fún ṣọ́tééjì, ìyẹn owó tó dín nínú àpótí, ní ọjọ́ kan tí àwa mẹ́ta jọ lo ẹ̀rọ kan ṣoṣo.

Èkejì ni ti àbúrò mi obìnrin. Ó lọ fún íńtáfíù ní ilé-iṣẹ́ aládàáni kan. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi í ni pé ṣé ó ti lọ́kọ, ṣé kò ní lóyún láàárín ọdún méjì. Wọ́n gbé ìwé kan síwájú rẹ̀ pé kó fọwọ́ sí i pé òun ò ní lóyún. Wọ́n tún ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí HIV sì wà nínú ohun tí wọ́n máa yẹ̀ wò. Ó wálé lọ́jọ́ náà, kò lè jẹun.

Ìbéèrè mi: ṣé ìjọba ìbílẹ̀ wa tàbí ìjọba Ọ̀ṣun ní òfin kankan lórí nǹkan báyìí? Ìbátan wa kan tó wà ní Amẹ́ríkà sọ pé ìlú tí òun wà ní òfin rósítà tiẹ̀.

Bàbá Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́, Iléṣà

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́ gan-an ni. Bá mi kí ìyá àdúgbò yẹn náà.

Mo ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fún ọdún pípẹ́ kí n tó fẹ̀yìntì, ohun tí mo sì máa sọ yìí, mo ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kí n kọ́kọ́ dáhùn ti ìjọba ìbílẹ̀: kò sí, kò sì lè sí. Nínú ìwé òfin 1999, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti ipò tí òṣìṣẹ́ wà jẹ́ ara ohun tí Abuja nìkan láṣẹ lé lórí. Nọ́ńbà 34 ló wà nínú àtòjọ náà. Ilé Aṣòfin Òṣogbo ò lè ṣe é, káńsẹ́lọ̀ Ifẹ̀ ò lè ṣe é. Òfin tí a ní ni Labour Act. Ọdún 1974 ni wọ́n ṣe é, ó sì wà nínú àkójọ òfin 2004. Ẹni tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ àti ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé ló wà fún, kò kan àwọn mánéjà. Ìwọ tó ń ṣe kaṣíà wà nínú rẹ̀.

Mi ò ní tàn ẹ́: òfin yẹn kò sọ iye ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi rósítà hàn yín ṣáájú. Kò sí i níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ mọ̀ lọ.

Apá 7 sọ pé kí oṣù mẹ́ta tó pé tí o bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀gá gbọ́dọ̀ ti fún ẹ ní ìwé tó sọ irú iṣẹ́ tí o ń ṣe, iye owó rẹ àti ìgbà tí wọ́n máa san án, wákàtí iṣẹ́ rẹ, àti ìsinmi tó tọ́ sí ẹ. Ìwọ ti ṣe oṣù mẹ́rìndínlógún láìrí ìwé. Ẹ̀yin kọ́ lẹ jẹ̀bi níbẹ̀ o, àwọn ni. Apá 13 ní àdéhùn ni wákàtí iṣẹ́, ohun tó bá sì lé lórí àdéhùn yẹn, ófátáìmù ni. Ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ fún wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ rí ìsinmi tí àròpọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan. Láàárín ọjọ́ 7, ọjọ́ kan gbáko gbọ́dọ̀ jẹ́ tìrẹ, wákàtí 24 láìdá a sí wẹ́wẹ́.

Wàyí o, ti ₦2,000 yẹn. Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí o fojú sí. Apá 5 sọ pé ọ̀gá kò gbọ́dọ̀ yọ owó nínú owó iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìtanràn. Kódà kò gbọ́dọ̀ bá òṣìṣẹ́ ṣe àdéhùn pé òun máa yọ ọ́. Tí wọ́n bá ní ẹ ti fọwọ́ sí i, ìfọwọ́sí yẹn kò sọ ọ́ di ẹ̀tọ́. Ti ṣọ́tééjì yàtọ̀ díẹ̀: tí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí tó ṣe àìbìkítà tí owó fi sọnù, wọ́n lè yọ ìwọ̀n tó bójú mu, ṣùgbọ́n kí ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i lórí ìwé ná. Bi mánéjà yín léèrè ìwé ìyọ̀ǹda yẹn. Mo ti lo ìbéèrè kan ṣoṣo yìí láti gba owó padà fún àwọn ènìyàn láìdé kóòtù.

Àwa Ìjẹ̀ṣà mọ Òṣómààló. Àwọn bàbá wa á ta aṣọ láwìn, tó bá dọjọ́ owó, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọn ò ní dìde títí owó á fi jáde. Ẹni tó máa lóṣòó báyẹn gbọ́dọ̀ mọ iye tí wọ́n jẹ ẹ́ dé kọ́bọ̀. Nítorí náà, ra ìwé kékeré kan lónìí. Ọjọ́, aago tí o dé, aago tí o ṣíwọ́, ohun tí rósítà sọ tẹ́lẹ̀, ohun tí wọ́n yí i sí, aago tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹ. Kọ ọ́ lójoojúmọ́, má ṣe dúró di òpin ọ̀sẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Àǹtí Kaṣíà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún àbúrò yín pé kó má fọwọ́ sí ìwé oyún yẹn, kó má sì jẹ́ kí àyẹ̀wò yẹn dójú tì í. Òfin kan wà láti 2014 tó dá ààbò bo ẹni tó ní HIV lọ́wọ́ ìyàsọ́tọ̀. Ó ka á léèwọ̀ kí agbanisíṣẹ́ fi àyẹ̀wò HIV ṣe dandan kó tó gba ènìyàn. Ẹni tó ní kòkòrò yẹn àti ẹni tí kò ní in, ìkankan wọn kò jẹ ọ̀gá kankan ní ìdáhùn. Iṣẹ́ ìwòsàn ni mò ń ṣe, mo sì mọ bí àṣírí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ṣe máa ń di ọ̀rọ̀ ẹnu ní ọ́fíìsì.

Ti oyún: Labour Act fún obìnrin ní ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìbímọ àti ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún oṣù 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó rẹ̀ ní àkókò náà kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdajì. Tó bá padà sẹ́nu iṣẹ́, ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ni tirẹ̀ láti fún ọmọ lọ́mú. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn kéré lójú ẹni tí kò tíì rí ìyá tí ọmú rẹ̀ kún tó ń ro ó, tó ń fi ìnura nu iwájú aṣọ iṣẹ́ nídìí tábìlì. Mo ti rí i. Èmi ni mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó lè lọ fún ọmọ rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Chicago

Ẹ kú ilé o. Òótọ́ ni ìbátan yín sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó mọ, kí ẹnikẹ́ni má rò pé Amẹ́ríkà lápapọ̀ ni.

Àwọn ìlú kan ló ṣe é fúnra wọn. Seattle àti New York bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 2017. Ti Chicago tí mo wà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 2020. Ọjọ́ 10 ṣáájú ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé rósítà jáde nígbà náà. Láti oṣù keje 2022 ó di ọjọ́ 14. Tí wọ́n bá yí i lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á fi owó wákàtí kan kún tìrẹ. Tí wọ́n bá fagi lé ṣífítì nígbà tó ku wákàtí 24 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ó kéré tán ìdajì owó tí o pàdánù ni wọ́n máa san. Tí ìgbà tí o ṣíwọ́ àti ìgbà tí wọ́n ní kí o padà kò bá tó wákàtí 10 síra, o lè kọ̀. Tí o bá gbà, wọ́n á fi ìdá kan nínú mẹ́rin kún owó ṣífítì yẹn. Àmọ́ ilé-iṣẹ́ tó tóbi nìkan ló mú, láti òṣìṣẹ́ 100 lọ sókè, àti irú iṣẹ́ kan pàtó bí ilé ìtajà, hòtẹ́ẹ̀lì, ilé ìkẹ́rùsí, ilé ìwòsàn. Ilé oúnjẹ ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù aláàdọ́ta òṣìṣẹ́ kò sí nínú rẹ̀.

Ilé ìkẹ́rùsí ni mo ń ṣiṣẹ́. Ṣáájú òfin yẹn, mo ti wọ bọ́ọ̀sì fún wákàtí kan àti ààbọ̀ nínú yìnyín, kí n tó dé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ní iṣẹ́ ò sí lónìí, kí n máa lọ. Mi ò gba kọ́bọ̀. Lónìí, tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, mo mọ ìdajì tó tọ́ sí mi.

Lórí ìgbanisíṣẹ́: ní Illinois, ìpínlẹ̀ tí Chicago wà, láti oṣù kẹsàn-án 2019, agbanisíṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ bi ẹ́ léèrè iye tí ò ń gbà níbi tí o ti ń bọ̀. Mo sọ èyí nítorí pé nílé, ìbéèrè yẹn ni wọ́n máa ń fi rẹ́ owó àwọn obìnrin mọ́lẹ̀.

Ìyá Oníbúrẹ́dì, Ìsọ̀kùn

Ẹ má bínú o, agbanisíṣẹ́ ni mí, mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ láti ibi tí mo dúró sí. Òṣìṣẹ́ méjìlá ni mo ní. Ọjọ́ 14 ti Chicago yẹn, èmi ò lè ṣe é. Iná lè lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, owó dísù lè fò sókè láàárọ̀, ìyẹ̀fun lè má dé. Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì ní Iléṣà mọ ohun tí mò ń sọ.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ ohun tí mo ti ṣe tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì mọ bó ṣe yí padà. Èmi náà máa ń fi fóònù pè wọ́n lóru. Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan tó ń pò ìyẹ̀fun sùn lọ níwájú ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú rẹ̀. Nígbà tí mo bi í, ó ní ọjọ́ kẹta rèé tí òun ò tíì sun wákàtí mẹ́rin. Èmi ni mo pè é ní gbogbo ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ara mi gbọ̀n.

Láti ìgbà náà, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo máa ń fi bírò dúdú kọ rósítà ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ sára páálí, mo máa ń fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ìyẹ̀fun. Ọ̀wọ́ ìkẹyìn lórí páálí náà, mo fi sílẹ̀ lófìfo fún pààrọ̀: tí ẹni méjì bá fẹ́ gba iṣẹ́ ara wọn, àwọn méjèèjì á kọ orúkọ síbẹ̀, kò kàn mí. Ẹni tó bá ti dé tí mo sì dá a padà nítorí iná, ìdajì owó ọjọ́ rẹ̀ ni mo ń san. Tí mo bá nílò ènìyàn láìròtẹ́lẹ̀, mo máa ń béèrè ni, mi ò ń pàṣẹ, owó ọkọ̀ sì ni tèmi. Ó ná mi lówó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú ọdún méjì yìí, ẹni kan ṣoṣo ló kúrò lọ́dọ̀ mi, ọkọ ló fẹ́ lọ sí Ondó. Tẹ́lẹ̀, oṣooṣù ni mò ń kọ́ ẹni tuntun bí wọ́n ṣe ń gé búrẹ́dì.

Bàbá Ẹgbẹ́, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè. Ọmọbìnrin kan lọ́dọ̀ mi fẹ́ ṣe iṣẹ́ òru nítorí pé owó rẹ̀ pọ̀ jù. Wọ́n ní òfin kọ̀ ọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Bàbá Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́, Iléṣà

Ìyá wa, ẹ ṣeun fún òtítọ́ yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni, apá 55 nínú Labour Act kò fẹ́ kí obìnrin ṣe iṣẹ́ òru ní ilé-iṣẹ́ tó ń pèsè nǹkan. Ó yọ àwọn nọ́ọ̀sì àti obìnrin tó wà nípò ọ̀gá tí kì í fọwọ́ ṣiṣẹ́ sílẹ̀. Èmi ò fara mọ́ apá yẹn. Ó ti gbó, owó ló sì ń gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin. Ṣùgbọ́n ó ṣì wà nínú ìwé. Ẹ wá bí owó ọ̀sán rẹ̀ ṣe máa sún mọ́ ti òru, ìyẹn nìkan ló wà níkàáwọ́ yín.

Ọmọ Modákẹ́kẹ́

Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ láti àárọ̀, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Mo ní OND. Mo lọ fún íńtáfíù ní ibì kan nínú Ifẹ̀, iṣẹ́ sítóà. Mo dáhùn gbogbo ìbéèrè. Ọ̀gá náà ń rẹ́rìn-ín, ó ní ìwé mi dára. Ó wá ní, "Àdúgbò wo lẹ ń gbé?" Mo sọ ọ́. Ó ní, "Ṣé ibẹ̀ ni bàbá yín ti wá ni, àbí ẹ kàn háyà ilé síbẹ̀?" Mo ní ibẹ̀ ni. Ó dé bírò rẹ̀. Mo gbọ́ bí ìdérí bírò yẹn ṣe ró. Ó ní wọ́n máa pè mí.

Ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ yẹn, ti 1997 sí 2000, ọmọdé ni mo wà nígbà náà. Ṣọ́ọ̀bù bàbá mi jóná nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ará Ifẹ̀ náà pàdánù ènìyàn. Ọ̀rẹ́ mi kan láti Ifẹ̀ sọ pé wọ́n bi òun náà ní ìbéèrè yẹn lódì kejì nígbà tó wá iṣẹ́ ní Modákẹ́kẹ́. Ní báyìí, púpọ̀ nínú wa ló ń fi àdírẹ́sì ẹlòmíràn sínú fọ́ọ̀mù. Ó ń dùn mí pé mo gbọ́dọ̀ fi ilé bàbá mi pamọ́ kí n tó lè ka àpótí ọṣẹ nínú sítóà.

Lọ́yà Kékeré, Òṣogbo

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìfaradà. Ìbéèrè "ọmọ ibo" yẹn gan-an ni apá 42 nínú ìwé òfin 1999 sọ̀rọ̀ lé: kò gbọ́dọ̀ sí ìyàsọ́tọ̀ nítorí àdúgbò, ẹ̀yà, ibi tí ènìyàn ti wá, ọkùnrin tàbí obìnrin, ẹ̀sìn, tàbí èrò òṣèlú. Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tó ti ṣòro: bí wọ́n ṣe kọ apá 42, òfin àti ìṣe ìjọba ló ń bá wí jù. Ibi tí òṣìṣẹ́ aládàáni ti rí ọ̀nà ni apá 254C, tí àtúnṣe kẹta sí ìwé òfin náà mú wọlé. Òun ló fún Ilé Ẹjọ́ Ilé-iṣẹ́ ti orílẹ̀-èdè, tí wọ́n ń pè ní National Industrial Court, láṣẹ lórí ìyàsọ́tọ̀ níbi iṣẹ́ àti lórí ìwà àìtọ́ sí òṣìṣẹ́. Wọ́n tún lè wo ìlànà iṣẹ́ àgbáyé tí Nàìjíríà ti tọwọ́ bọ̀. A tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn 111, tó dá lórí ìyàsọ́tọ̀ níbi iṣẹ́, ní 2002. Kóòtù náà ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn àti Àkúrẹ́.

Ẹ̀rí ni ìṣòro ibẹ̀. Kò sí ọ̀gá tó máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé Modákẹ́kẹ́ ni kò jẹ́ kí òun gbà yín. Nítorí náà, bí ẹ bá ti jáde níbi íńtáfíù, kí ẹ tó wọ ọ̀kadà, ẹ kọ ọjọ́, aago, àwọn tó jókòó, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ gan-an, bí ẹ ṣe gbọ́ ọ. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán lójú ẹsẹ̀, kí ọjọ́ àti aago lè wà lórí rẹ̀. Ẹ ya àwòrán ìpolówó iṣẹ́ náà kí wọ́n tó yọ ọ́. Àwọn kan máa ń kọ "obìnrin tí kò tíì lọ́kọ nìkan" sínú ìpolówó, ẹ̀rí nìyẹn lọ́fẹ̀ẹ́.

Fún Kaṣíà: ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wà ní Òṣogbo níbí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n yọ ń kọ́kọ́ lọ. Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fún ènìyàn ní lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́, náà wà fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ. Tí wọ́n bá lé yín nítorí pé ẹ sọ̀rọ̀, ẹni tó ti ṣe ju oṣù mẹ́ta tí kò tíì pé ọdún méjì, ìfitónilétí ọ̀sẹ̀ kan ló tọ́ sí i tàbí owó rẹ̀. Ó kéré, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́ mọ́ yín lára.

Etí Dídi Kò Di Ọpọlọ

Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé tiwa náà wọlé. Mi ò gbọ́ràn. Mo kàwé jáde ní Ifẹ̀ níbí. Ibi mẹ́rin ni wọ́n ti ní kí n "dúró ná" nígbà tí wọ́n rí i pé ọwọ́ ni mo fi ń sọ̀rọ̀. Níbì kan, mo kọ ọ́ sínú ìwé fún wọn pé kí wọ́n kọ ìbéèrè wọn, kí n kọ ìdáhùn. Obìnrin tó jókòó níbẹ̀ wo bébà yẹn, ó fi ọwọ́ rọra tì í padà sí mi lórí tábìlì.

Lọ́yà Kékeré, Òṣogbo

Ẹ má bínú, mo yẹ kí n ti mẹ́nu bà á. Òfin tó de ìyàsọ́tọ̀ sí àwọn tó ní ìpèníjà ara jẹ́ ti 2018, oṣù kìíní 2019 ni ààrẹ buwọ́ lù ú. Ó fún yín ní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ bíi ti ẹnikẹ́ni. Ó tún ní kí ilé-iṣẹ́ ìjọba rí i pé ó kéré tán, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ wọn jẹ́ ẹni tó ní ìpèníjà ara. Ilé-iṣẹ́ tó bá yà yín sọ́tọ̀ lè san ìtanràn ₦1,000,000. Tó bá jẹ́ ènìyàn kan ló ṣe é, ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí méjèèjì. Bébà tí wọ́n tì padà yẹn, ṣé ẹ ṣì ní in? Tí ẹ bá ní in, ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ má sọ ọ́ nù.

Etí Dídi Kò Di Ọpọlọ

Mo ní in. Inú fáìlì ìwé ẹ̀rí mi ló wà.

Alájàpá Sábó

Ìbéèrè kékeré: ṣebí ₦70,000 ni ìjọba ní kí wọ́n máa san fún gbogbo òṣìṣẹ́? ₦38,000 ni wọ́n ń san fún ọmọ mi.

Bàbá Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́, Iléṣà

₦70,000 ni láti oṣù keje 2024, ìjọba Ọ̀ṣun sì gbé ti àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ dé ₦75,000. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kò mú ibi tí òṣìṣẹ́ kò bá tó 25, àti ẹni tí kì í ṣiṣẹ́ ojúmọ́ kíkún. Ẹ ka iye òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ná, kí ẹ ka àwọn ẹ̀ka wọn mìíràn pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé àwọn ò tó, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀ka mẹ́ta ni ọ̀gá kan náà ní.

Kaṣíà Lágere

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Mo ní kí n padà wá jábọ̀.

Mo ra ìwé kékeré náà lọ́jọ́ tí Bàbá sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan fi pé, mo ti kọ ìyípadà mọ́kànlá, mẹ́rin nínú rẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́. Mo fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Àwọn méjì bẹ̀rù. Àwa márùn-ún kọ lẹ́tà kan ṣoṣo, gbogbo wa fọwọ́ sí i kó má baà dà bíi pé ẹnì kan ló ń jà. A ò bú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. A ní a fẹ́ lẹ́tà iṣẹ́, a fẹ́ rósítà lára ògiri ní gbogbo Ẹtì, bíi ti Ìyá Oníbúrẹ́dì, a fẹ́ ọ̀wọ́ pààrọ̀, a sì fẹ́ rí ìwé ìyọ̀ǹda tí wọ́n fi yọ owó wa. Mo ṣe ẹ̀dà kan, mo ní kí mánéjà fọwọ́ sí i pé ó dé ọwọ́ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Nígbà tí ẹni kẹta wa béèrè pé ṣé kí a fi ránṣẹ́ sí onílé-iṣẹ́ ní tààrà, ó fọwọ́ sí i.

Rósítà ti wà lára ògiri láti Ẹtì tó kọjá. Wọ́n dá ₦2,000 mi padà, ti ẹni méjì mìíràn náà padà. Lẹ́tà iṣẹ́, wọ́n ní ó ń bọ̀. Ti ṣọ́tééjì ni wọ́n ta kú sí: wọn ò fi ìwé kankan hàn, wọn ò dá owó padà. Lọ́jọ́rú tó ń bọ̀ yìí, tó jẹ́ ọjọ́ ìsinmi mi lórí rósítà, mò ń lọ sí ọ́fíìsì yẹn ní Òṣogbo.

Àbúrò mi kò fọwọ́ sí ìwé oyún yẹn. Ó kọ lẹ́tà sí wọn pé òun ò ṣe àyẹ̀wò náà, ó sì tọ́ka sí òfin 2014. Wọn ò tíì dáhùn. Ó ti ń jẹun.

Lọ́yà Kékeré, Òṣogbo

Ẹ mú ìwé kékeré yẹn gan-an dání, ẹ má ṣe mú ẹ̀dà nìkan. Ẹ tẹ àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp yẹn jáde, kí nọ́ńbà àti aago hàn lórí rẹ̀. Ẹ mú ẹ̀rí owó oṣù tó wọ báńkì ní oṣù tí wọ́n yọ ọ́ àti ti oṣù tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ dé kí aago mẹ́wàá tó lù.

Ìyá Oníbúrẹ́dì, Ìsọ̀kùn

Ọmọ mi, ọkọ̀ tó gba Ẹdẹ ni kí o wọ̀, ó yá ju kí o gba Iléṣà lọ. Ta ló máa mú ọmọ láti iléèwé lọ́jọ́ náà?

Kaṣíà Lágere

Ìyá àdúgbò ni, mà. Mo ti sọ fún wọn láti àná.